Ìṣó Ọ̀bẹ Ẹnu Ọ̀nà Ìyá Àgbà

Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ jókòó jẹun lọ́dọ̀ Ìyá àgbà wa gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bọ́ ọ̀bẹ ìdí rẹ̀. Gbogbo apẹja Ìlàjẹ ní Bàrígà ló máa ń so ọ̀bẹ mọ́dìí, torí bí àwọ̀n bá lọ́ mọ́ ẹ́ńjìnnì láàárín ọ̀sà, ọ̀bẹ ni wọ́n á fi gé e. Àkọ̀ ọ̀bẹ yẹn kì í kúrò lára wọn. Bí wọ́n bá ti wọ ṣòkòtò tán, òun ló kàn. Ṣùgbọ́n lẹ́nu ọ̀nà ahéré onípákó tí Ìyá àgbà ti ń yan ẹja, ìṣó tò sára òpó, olúkúlùkù ló sì mọ ìṣó tiẹ̀. Bí ọkùnrin kan bá gbàgbé, tó kàn fẹ́ wọlé, Ìyá àgbà ò tiẹ̀ ní gbójú sókè nídìí iná. Wọ́n á kàn ní, "Ìwọ àti ta lẹ fẹ́ jà?"

Ìyá àgbà kú nígbà òjò tó kọjá yìí. Níbi ìsìnkú, pásítọ̀ ní kí ọmọ ọmọ wọn obìnrin wá sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa wọn. Mo dìde, mo tún jókòó. Ìyá àgbà fúnra wọn ló máa ń pè mí ní Olóhùn Kékeré. Wọ́n ní bí mo bá ń sọ̀rọ̀, ó dà bí ẹni pé mi ò fẹ́ jí ẹja inú agbọ̀n. Ìwé mẹ́fà ni mo kà kí n tó jókòó ti iná lọ́dọ̀ wọn. Àmọ́ ohun tí mi ò lè sọ lójú èrò lọ́jọ́ náà, mo rò pé mo lè kọ ọ́ síbí.

Wọn ò tíì bí mi nígbà tí ọ̀rọ̀ ìṣó yẹn ṣẹlẹ̀. Apẹja méjì ló ń jẹun nínú ahéré náà, wọ́n tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, kí ọ̀rọ̀ tó di ti ibi tí àwọ̀n kálukú yẹ kó dé. Ọ̀kan fa ọ̀bẹ yọ. Bàbá àgbà na ọwọ́ láti là wọ́n, ọ̀bẹ náà sì gba àtẹ́lẹwọ́ wọn kọjá. Ọgbẹ́ náà san, ṣùgbọ́n ìka Bàbá àgbà ò ká mọ́, wọn ò sì lè fa àwọ̀n mọ́ títí wọ́n fi kú. Ẹni tó ṣe é dọ̀bálẹ̀, ó sunkún, ó ní kò sí lọ́kàn òun láti gún ẹnikẹ́ni. Ìyá àgbà ní àwọn gbà á gbọ́. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ra ìṣó, wọ́n fi òkúta kàn wọ́n mọ́ òpó lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbàkígbà tí wọ́n bá sọ ìtàn yìí fún wa, ibì kan náà ni wọ́n máa ń parí ẹ̀ sí: "Lóòótọ́, kò sí lọ́kàn ẹ̀. Ìdí ẹ̀ ló wà."

Ìyá àgbà fúnra wọn kì í fọwọ́ kan ọ̀bẹ tó wà lórí ìṣó. Wọ́n ní tiwọn, ọ̀bẹ kúkúrú kan tí wọ́n fi rọ́bà wé lẹ́èékù, òun ni wọ́n fi ń la inú ẹja, tí wọ́n fi ń ha ìpẹ́. Nígbà tí mo ṣì kéré, mo bèèrè ìdí tí wọn kì í fi lo èyí tó mú jù lára òpó. Wọ́n ní, "Mi ò mọ ohun tó ti gé."

Ìyá àgbà ò lè purọ́, kódà lórí ẹja. A máa ń gbé agbọ̀n lọ sí Onípánù, a ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ta bàtà òkìrìkà. Obìnrin kan á dúró, á gbé ẹja sókè, á gbóòórùn ẹ̀. "Màmá, ìgbà wo lẹ yan eléyìí?" Ìyá àgbà á ní, "Ìjẹta." Obìnrin náà á rọra gbé e kalẹ̀, á sì lọ bá ẹlòmíì tó máa sọ fún un pé àárọ̀ yìí ni. Lọ́jọ́ kan ara mi ò gbà á mọ́, mo tẹnu bọ̀ wọ́n létí pé, "Ìyá àgbà, ẹ ò bá kàn sọ pé àná." Wọ́n tún agbọ̀n tò, wọ́n ní, "Tó bá délé, ẹja náà á sọ fún un."

Wọ́n tún lè jà. Ìyá Ríṣí, aránṣọ ará Ọ̀yọ́ tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ẹ̀yìn ahéré wa, ni alájọjà wọn. Bí atẹ́gùn bá ti gbé ẹ̀fín lọ sápá ọ̀dọ̀ rẹ̀, a ti mọ̀ pé ó kù díẹ̀.

"Ẹ̀yin ará ojú omi yìí, aṣọ oníbàárà mi ti ń rùn bí ẹja àrọ̀. Ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ sí mọ́sáláṣí ńkọ́?"

"Ti fèrèsé ẹ."

"Ooru tó wà níbí ńkọ́?"

"Ṣí i nígbà náà. Èwo lo fẹ́ nínú méjèèjì?"

Wọ́n á fa ọ̀rọ̀ náà títí, Ìyá àgbà á bọ́ sínú èdè ìlú wọn létí òkun Oǹdó, Ìyá Ríṣí á máa kígbe pé kí wọ́n sọ èyí tí òun á gbọ́. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, Ìyá àgbà á wé ẹja sínú bébà, wọ́n á ní kí n gbé e lọ fún un. Ìyá Ríṣí á gbà á, á tẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó gbẹ, á wá sọ pé, "Sọ fún wọn pé mo ṣì ń bínú o."

Àbúrò mi, Dayọ̀, ni ìṣó tiẹ̀ wà nísàlẹ̀ jù lọ. Ìyá wa ti kú, ọ̀dọ̀ Ìyá àgbà la dàgbà sí, ìgbà tí Dayọ̀ kọ́kọ́ tẹ̀ lé apẹja lọ sójú omi ni wọ́n kan ìṣó fún un, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ á lè tó. Ó wá ga, ó di géńdé, ìṣó náà ò kúrò níbi tó wà. Ó ní láti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bíi bàbá arúgbó kó tó lè fi ọ̀bẹ kọ́, àwọn apẹja yòókù á sì máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó bẹ Ìyá àgbà pé kí wọ́n gbé e sókè. Wọ́n ní, "Bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò ní pa ẹ́."

Bàbá Ìbejì ni Dayọ̀ ń bá ṣiṣẹ́. Bàbá Ìbejì tiẹ̀ máa ń jẹun lọ́dọ̀ wa, ìṣó tiwọn ló wà lókè pátápátá. Wọ́n ti ṣèlérí fún Dayọ̀ pé bí àwọn bá kan ọkọ̀ tuntun, ti àtijọ́ á di tiẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ tuntun dé, wọ́n gbé ti àtijọ́ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn. Dayọ̀ ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn dákẹ́, ó sì fi iṣẹ́ sílẹ̀, oúnjẹ tó bá bù, kò ní jẹ ẹ́ tán. Ìyá àgbà bá a sọ̀rọ̀ títí. Ó ní, "Mo gbọ́ yín." Àfi bẹ́ẹ̀ náà.

Àárọ̀ ọjọ́ kan báyìí, ó wọlé, ó fi ọ̀bẹ kọ́, ó jókòó ti ẹ̀bà láìjẹ ẹ́. Mo rí Ìyá àgbà tí wọ́n ń wo ojú ẹ̀. Mo lọ pọn omi. Nígbà tí mo dé, Dayọ̀ ti jáde, Ìyá àgbà sì ń la inú àrọ̀. Ọ̀bẹ Dayọ̀ ni wọ́n fi ń là á. Tiwọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́, rọ́bà èékù rẹ̀ gbẹ, kò tiẹ̀ kan omi. Ó yà mí lẹ́nu díẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ pọ̀ nílẹ̀, mi ò bèèrè.

Lọ́sàn-án ni Dayọ̀ gbé nǹkan kan wọlé lórí èjìká, ó fi ìbora àtijọ́ bò ó. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan ló ní kí òun bá a tọ́jú ẹ̀. Ìyá àgbà gbé etí ìbora náà sókè. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Bàbá Ìbejì ni. Ó ṣẹlẹ̀ nígbà kan pé ọwọ́ ẹ́ńjìnnì náà kán nígbà tí wọ́n ń gbé Ìyá àgbà kọjá ọ̀sà. Ìyá àgbà bọ́ sálúbàtà pupa ẹsẹ̀ wọn, wọ́n gé e, Bàbá Ìbejì fi di ibi tó kán. Sálúbàtà náà ṣì wà níbẹ̀. Ìyá àgbà fi ìbora bò ó padà. Wọ́n gbé agbọ̀n ẹja lé e lórí. Wọ́n wá sọ fún Dayọ̀ pé, "Dá a padà kí ilẹ̀ tó ṣú."

Kó tó dá a padà, àwọn ọlọ́pàá dé. Wọ́n mú Dayọ̀, wọ́n sì mú Ìyá àgbà.

Ohun tí Bàbá Ìbejì sọ fún àwọn ọlọ́pàá ni pé kò sẹ́ni nínú ọkọ̀ nígbà tí Dayọ̀ tú ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n àwọn pàdé rẹ̀ lórí afárá pákó. Ẹ́ńjìnnì wà léjìká rẹ̀, ọ̀bẹ wà ní ìdí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì wà lórí ọ̀bẹ. Wọ́n ní ẹ̀rù ba àwọn, àwọn sì yà fún un. Dayọ̀ ní tiẹ̀ sọ fún ọlọ́pàá pé òun ra ẹ́ńjìnnì náà ni. Bí ọ̀rọ̀ ṣe di ìdigunjalè nìyẹn.

Ìjọba fún Ìyá àgbà ní lọ́yà kan, obìnrin tí kò dàgbà jù mí lọ púpọ̀; Dayọ̀ ní tiẹ̀ lọ́tọ̀. Mo bá lọ́yà náà lọ rí wọn lọ́gbà ẹ̀wọ̀n. Ó kúnlẹ̀ kí wọn kó tó ṣí fáìlì.

"Màmá, ẹ̀sùn méjì ló wà. Ti Dayọ̀, ìjọba ní láti fi hàn pé ó jí nǹkan, pé ó lo ipá tàbí ó halẹ̀ mọ́ ẹni tó ni ín, àti pé ohun ìjà wà lọ́wọ́ ẹ̀ nígbà tó ń ṣe é. Bí gbogbo ẹ̀ bá pé, ikú ni òfin wí. Bó bá jẹ́ olè lásán, ó máa ṣẹ̀wọ̀n, ṣùgbọ́n ó máa padà wálé."

"Tèmi ńkọ́?"

"Tiyín ni pé ẹ gba ẹrù olè. Wọ́n ní láti fi hàn pé wọ́n jí ẹrù náà, pé ó dé ọwọ́ yín, àti pé ẹ mọ̀ pé wọ́n jí i nígbà tí ẹ gbà á. Èyí tó kẹ́yìn yẹn, inú yín ló wà. Mi ò lè ní kí ẹ purọ́. Ṣùgbọ́n òfin gbà yín láyè láti dákẹ́. Kò sẹ́ni tó lè fipá mú yín sọ̀rọ̀."

Ìyá àgbà ní, "Bí mo bá dákẹ́, ta ló máa sọ ti ọ̀bẹ?"

Ìgbà yẹn ni lọ́yà náà kọ́kọ́ gbọ́ pé ọwọ́ Ìyá àgbà ni ọ̀bẹ Dayọ̀ wà látàárọ̀ títí àwọn ọlọ́pàá fi dé. Ó gbé bírò sílẹ̀.

"Màmá, bí ẹ bá dìde sọ ìyẹn, wọ́n máa bi yín léèrè ẹ́ńjìnnì."

"Bí mo bá wá ní mi ò mọ̀ pé olè ni?"

"Wọ́n máa mọ̀ pé irọ́ ni. Wọn ò sì ní gba ti ọ̀bẹ gbọ́ mọ́."

Ìyá àgbà fi etí gèlè nu ojú. Wọ́n ní, "Ó yé mi. Màá sọ ọ́ pa pọ̀."

Lọ́jọ́ tí Bàbá Ìbejì jẹ́rìí ní kóòtù, lọ́yà Dayọ̀ bi wọ́n bóyá wọ́n fojú rí irin ọ̀bẹ.

"Mo rí àkọ̀ ẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀ wà níbẹ̀."

"Irin ọ̀bẹ ni mo bèèrè, sà."

"Lọ́yà, ta ló máa so àkọ̀ mọ́dìí láìsí ọ̀bẹ nínú ẹ̀? Kí ló fẹ́ fi ṣe, kó fi bu omi?"

Àwọn ará Ìlàjẹ tó wà níbẹ̀ ń mi orí, èmi náà sì mi orí, torí pé lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá ti rí àkọ̀ ti rí ọ̀bẹ. Kò sí irọ́ lẹ́nu Bàbá Ìbejì. Ohun tí ojú wọn ti mọ̀ ni wọ́n rí.

Nígbà tó kan Ìyá àgbà, wọ́n di igi kóòtù mú, wọ́n sì sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá aládùúgbò sọ̀rọ̀. Wọ́n sọ ti ìṣó, wọ́n sọ ti àrọ̀ tí wọ́n fi ọ̀bẹ náà là. Àwọn ọlọ́pàá tó wá sí ahéré náà fúnra wọn gbà pé àárín ìpẹ́ ẹja làwọn ti mú ọ̀bẹ tó wà ní kóòtù. Lọ́yà ìjọba dìde.

"Màmá, ṣé ẹ ò ní ọ̀bẹ tiyín ni?"

"Mo ní."

"Kí ló dé tí ẹ fi lo tiẹ̀ lọ́jọ́ yẹn?"

"Mo fẹ́ kó wà lọ́wọ́ mi."

"Ẹ́ńjìnnì yìí, ṣé ẹ mọ ẹni tó ni ín?"

"Bàbá Ìbejì ni. Sálúbàtà mi ló wà lára ẹ̀."

"Nígbà tí ẹ gbà á, ṣé ẹ mọ̀ pé ó jí i ni?"

"Mo mọ̀."

Dayọ̀ yí ojú sí ògiri. Lọ́yà ìjọba nawọ́ sí i.

"Ọmọ ọmọ yín ni, Màmá. Kí ló máa mú ká gbà yín gbọ́ lórí ti ọ̀bẹ?"

"Ẹ ti gbà mí gbọ́ nísinsìnyí tí mo ní mo mọ̀. Ẹnu kan náà ni."

Adájọ́ ní òun gbà pé ẹ̀rù ba Bàbá Ìbejì lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Dayọ̀ ò sọ nǹkan kan, kò na ọwọ́ sí ẹnikẹ́ni, ọ̀bẹ ò sì sí nínú àkọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rù wà, ṣùgbọ́n Dayọ̀ kọ́ ló dẹ́rù bà wọ́n. Nítorí náà kì í ṣe ìdigunjalè, kì í sì í ṣe ìfipájalè. Olè jíjà ni, ó sì jẹ̀bi ẹ̀. Ìyá àgbà jẹ̀bi gbígba ẹrù olè. Adájọ́ wo ọjọ́ orí wọn, ó ní àkókò tí wọ́n ti lò ní àtìmọ́lé tó gẹ́gẹ́ bí ìjìyà, kí wọ́n máa lọ sílé. Bí wọ́n ṣe ń mú Dayọ̀ lọ sẹ́wọ̀n, ó gba ọ̀dọ̀ Ìyá àgbà kọjá. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n mo gbọ́. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ tà mí."

Ikọ́ ni Ìyá àgbà gbé bọ̀ látọ̀hún. Àwọn kan láàárín àwọn ẹlẹ́ja ò bá wa jókòó mọ́ ní Onípánù, wọ́n ń pe Ìyá àgbà ní ìyá agbẹrù-olè, wọ́n sì ń sọ ọ́ kí a lè gbọ́. Ìyá àgbà ò dá wọn lóhùn. Wọ́n ní òótọ́ ṣáà ni. Ìyá Ríṣí ló kọ́kọ́ wọ ahéré wa, ó jókòó sórí àpótí láìjẹ́ pé wọ́n ní kó jókòó. Ó ní, "Látìgbà tẹ́ ẹ ti lọ, aṣọ mi ò rùn mọ́. Kò dùn mọ́ mi nínú."

Bàbá Ìbejì náà wá. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà títí bí àlejò, kí wọ́n tó bọ́ ọ̀bẹ, kí wọ́n tó fi í kọ́ sórí ìṣó wọn lókè. Mo gbé oúnjẹ fún wọn. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n fọ ọwọ́, wọ́n ní, "Ìyá, ó dá mi lójú pé mo rí ọ̀bẹ ni." Ìyá àgbà ní, "Mo mọ̀."

Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbà wá láyè, Ìyá àgbà máa ń wé ẹja, a ó sì lọ wo Dayọ̀ lẹ́wọ̀n. Kò jáde sí wa rí. Wọ́dà á wọlé, á padà wá, á máa wo ilẹ̀. "Màmá, ó ní òun ò fẹ́ rí ẹnikẹ́ni." Wọ́n á gbé ẹja fún un, wọ́n á ní kó má sọ ẹni tó gbé e wá, bí ẹni pé Dayọ̀ ò ní mọ òórùn ẹja tó tọ́ ọ dàgbà. Bí a ṣe ń lọ tí a ń bọ̀, ó wá di pé kò séyìí tí wọ́n ń bi wọ́dà mọ́ ju ẹyọ ìbéèrè kan: "Ṣé ó ń jẹ ẹ́?"

"Ó ń jẹ ẹ́, Màmá."

"Ó ti tó."

Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ títí ẹsẹ̀ wọn ò fi gbé wọn mọ́, tí èmi nìkan ń lọ. Ní ọjọ́ tó ṣáájú ikú wọn, ohùn wọn ti kéré ju tèmi lọ. Mo ní láti fi etí sún mọ́ wọn lẹ́nu. Mo rò pé ti ìsìnkú ni wọ́n fẹ́ sọ, tàbí ti ẹja tó wà lórí iná. Wọ́n ní, "Bá mi gbé ìṣó Dayọ̀ sókè díẹ̀. Ó ti ga."

Lẹ́yìn tí a sin wọ́n, mo lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n. Mo sọ fún wọ́dà pé kó sọ fún un pé Ìyá àgbà ti kú. Dayọ̀ jáde lọ́jọ́ náà. Ó ti rù. Ó jókòó níwájú mi, kò sunkún, ó kàn ń fi èékánná ha tábìlì.

Nígbà tó yá, ó ní, "Àǹtí mi, mo padà wá mú ọ̀bẹ náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ẹ̀yin ti lọ pọn omi. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sídìí ìṣó, kò sí níbẹ̀. Mo wò, mo rí i lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ń la ẹja lọ. Mo dúró. Wọn ò gbójú sókè. Mo mọ̀ pé wọ́n mọ̀ pé mo dúró."

"O ò bèèrè ẹ̀?"

"Báwo ni màá ṣe bèèrè ẹ̀? Wọ́n máa bi mí ẹni tí mo fẹ́ bá jà." Ó ha tábìlì. "Inú ti bí mi kọjá ààlà, Àǹtí mi. Lórí afárá yẹn, nígbà tí Bàbá Ìbejì yọ sí mi, ọwọ́ mi lọ sí ìdí. Lóòótọ́ ló lọ síbẹ̀. Òfìfo ló bá."

Mo rántí ọ̀bẹ Ìyá àgbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ lọ́jọ́ náà, èékù rẹ̀ gbẹ.

Wọ́dà pe pé àkókò ti tó. Mo gbé ẹja síwájú ẹ̀, èyí tí èmi fúnra mi yan, mo sì jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi nípa ìṣó. Ìgbà yẹn ni ojú ẹ̀ yí padà. Ó gbé ọwọ́ bo ẹnu.

"Ṣé ẹ ti gbé e?"

"Mi ò tíì gbé e."

Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Màá máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀."